Wáyà Apá Ọ̀tún

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Igbe

Mo tún ṣí páálí àwòṣe alùpùpù Nao lónìí, irú èyí tí a máa ń fọwọ́ tò. Láti ìgbà òtútù ló ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo máa ń ṣí i, mo máa ń wo àwọn ẹ̀yà rẹ̀ nínú ọ̀rá, mo máa ń dé e padà. Inaba, alága ẹgbẹ́ àwa tí ń to àwòṣe, ló pè mí láàárọ̀. Tábìlì ẹgbẹ́ níbi ìpàtẹ oṣù Èbìbí, alùpùpù eré ìdíje nìkan ló máa wà lórí rẹ̀ lọ́dún yìí. Ó ní kí n mú ti ọmọ mi wá, pé gbogbo wọn ló ń retí rẹ̀. Mo ní mo gbọ́. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ní mo gbọ́.

Nọ́ńbà 58. Pupa àti funfun. Tí wọ́n bá pín alùpùpù gidi sí ọ̀nà méjìlá, ìdá kan ni èyí — kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ.

Kí n sọ òótọ́ nínú ìwé yìí, nígbà tí kò sẹ́ni tó máa kà á: inú ń bí mi sí Nao. Ó ti lé lọ́dún méjì, inú ṣì ń bí mi. Àwọn òṣìṣẹ́ pápá eré ní kò fa búréèkì nígbà tó yẹ kó fà á. Wọ́n ní ó fẹ́ kọjá ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ó sì lọ kọlu ògiri, ó kú. Èmi náà gbà á gbọ́, torí mo mọ oríkunkun ọmọ náà, ọ̀dọ̀ mi ló ti mú un. Láràárọ̀ tí mo bá ń gbé tíì síwájú fọ́tò rẹ̀, bí a ti ń ṣe fún òkú wa, ìbínú ni mo fi ń gbé e.

Ìyá Nao rí páálí náà. Ó ní, "Ẹ má ṣáà gbé e wá sí yàrá ìjókòó." Ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Igbe

Òjò. Kò ṣeé kùn. Ẹni tó bá fọ́n ọ̀dà lọ́jọ́ òjò, funfun ló máa bo ọ̀dà náà bí omi ìrẹsì. Mo jókòó, mo ń wo ọwọ́ ara mi.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Igbe

Ọlọ́wọ́ Epo wá. Kurebayashi ni gbogbo ayé ń pè é, inú ìwé yìí nìkan ló ti ń jẹ́ Ọlọ́wọ́ Epo. Òun ni mẹkáníìkì Nao. Láti ìgbà ìsìnkú, kò tíì pa Ọjọ́ Àìkú kan jẹ. Ọsàn ló kó wá, àwọn tó kẹ́yìn lórí igi rẹ̀, èèpo wọn ti hunjọ. Ó kúnlẹ̀ síwájú fọ́tò Nao, ó pẹ́ gan-an kó tó dìde. Eékún rẹ̀ dún. Mo ní eékún yẹn ń fẹ́ gírísì. Ó ní kí n fi eékún òun sílẹ̀, kí n lọ yọ irun imú mi kúrò lára ọ̀dà tí mo kùn. Ìyá Nao fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọlọ́wọ́ Epo nìkan ló ṣì ń mú ẹ̀rín súnmọ́ ilé yìí.

Ó wo iṣẹ́ mi. Ó ní góòlù tí mo fi kun irin ẹsẹ̀ iwájú alùpùpù ti pọ̀ jù. Òótọ́ ni. Ojú mẹkáníìkì ṣì wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì mọ́. Abọ́ ló ń fọ̀ báyìí nílé oúnjẹ kan lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn. Ìbànújẹ́ ni, mo máa ń sọ fún ara mi.

Ó fi agolo bisikíìtì kan sílẹ̀ fún mi, fọ́tò alùpùpù gidi tí Nao gùn ló kún inú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pátá, apá òsì alùpùpù ni. Mo béèrè ti ọ̀tún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, apá òsì loòrùn wà lọ́jọ́ náà." Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Igbe

Orúkọ Nao àti nọ́ńbà rẹ̀, àwọn èyí tí a máa ń rẹ sómi ká tó lẹ̀ wọ́n mọ́ ara alùpùpù — bébà wọn ti di rúsúrúsú nínú páálí. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù nìyẹn. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì fèrèsé kí oòrùn lè fa àwọ̀ náà kúrò, bí gbogbo wa tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣe ń ṣe.

Nígbà tí mo dé láti ọjà, Ìyá Nao ti nu gbogbo fèrèsé. Ó nu gíláàsì yíká bébà náà, ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní eruku.  

Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Igbe

Oòrùn. Orúkọ ti funfun padà. 58 jókòó dáadáa, kò hunjọ níbì kankan.

Ọjọ́rú, 23 Oṣù Igbe

Mo parí búréèkì iwájú, apá òsì. Irin kan wà níbẹ̀ tó máa ń gbá àwo búréèkì mú, bóòtù méjì ló so ó mọ́ ẹsẹ̀ alùpùpù. Nínú eré ìdíje, wọ́n ń lu ihò sórí bóòtù bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi wáyà so ó, kí ìgbọ̀nrìrì má baà tú u. Mo fi ẹ̀mú fa wáyà bàbà tó tín-ínrín ju irun lọ gba ibẹ̀. Ó já, mo tún un ṣe. Ó tún já. Nígbà tó wọlé, mo sunkún díẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá wáyà ni mò ń sunkún lé lórí.

Ó ku apá ọ̀tún. Àwọn kan á ní kí n ṣe é bíi ti òsì, ta ló máa mọ̀? Àwa ni. Tábìlì ẹgbẹ́ wa, kò sí ẹni tí kì í mú gíláàsì amúǹkan-tóbi dání. Mo ní kí Inaba bá mi wá fọ́tò. Ó mọ bàbá kan ní ìlú Hamamatsu tí kì í pa eré kankan jẹ, tí ń ya gbogbo wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Oṣù Igbe

Fọ́tò dé. Bàbá Hamamatsu yà á lójú ìlà ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó sáré. Apá ọ̀tún. Nao ti wọ akoto, a ò rí ojú rẹ̀, àmọ́ ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ tí mo bá ń bá a wí. Mo wo orí yẹn pẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo mú gíláàsì, torí iṣẹ́ ni iṣẹ́. Mo ka páìpù, mo ka okùn, mo dé ìdí búréèkì.

Bóòtù méjì. Ihò wà lórí wọn, mo rí ihò náà kedere. Kò sí wáyà nínú rẹ̀.

Mo nu gíláàsì. Mo gbé fọ́tò lọ sídìí fèrèsé. Mo wo fọ́tò òsì láti inú agolo: wáyà ń dán. Mo wo ọ̀tún: bóòtù lásán. Mo rántí ọ̀sán ọjọ́ náà. Ó kù díẹ̀ kí eré bẹ̀rẹ̀, Ọlọ́wọ́ Epo kúnlẹ̀ lápá ọ̀tún, ó ń pààrọ̀ búréèkì, òógùn bò ó, fèrè sì dún pé kí gbogbo alùpùpù jáde. Ó dìde, ó nu ọwọ́, ó gbá Nao léjìká.

Bóòtù yẹn tú. Lójú ọ̀nà gígùn yẹn, pẹ̀lú eré tí wọ́n ń sá, ó tú, irin tó ń gbá àwo búréèkì mú bọ́. Gbogbo ẹsẹ̀ iwájú ló fọ́ mọ́ ògiri, kò sí ẹni tó lè mọ èyí tó tú àti èyí tó kán.

Ọmọ mi fa búréèkì.

Ọjọ́rú, 30 Oṣù Igbe

Kò sí wáyà.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Oṣù Èbìbí

Mi ò tíì sọ fún Ìyá Nao. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé, "Ó fẹ́ràn ipò kìíní jù wá lọ." Kò tíì sọ orúkọ rẹ̀ láti ìgbà náà. Ó yẹ kí n sọ fún un lónìí. Ó yẹ kí n ti sọ lánàá. Tí mo bá ya ẹnu, orúkọ Kurebayashi ló máa kọ́kọ́ jáde, màá sì fẹ́ lọ bá a nílé abọ́ rẹ̀, kí n fi orí rẹ̀ gbá ògiri.

Mo dojú fọ́tò Nao délẹ̀. Mo tún gbé e dìde. Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Ìbínú tí mo fi ń gbé tíì fún ẹ láràárọ̀ yẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 4 Oṣù Èbìbí

Ó wá. Tíì tuntun ló mú wá, ewé ọdún yìí, tó ń rùn bíi koríko. Mi ò lè wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ẹ fajú ro bí ẹni táyà ẹ̀ jò?" Mo ní oorun ni. Ó kúnlẹ̀ síwájú fọ́tò. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì rí i pé ó ti gbẹ, egungun ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ yọ síta. Mo wá rò ó: ta ló kù tí ń sọ̀rọ̀ Nao nílé yìí bí ẹni tó wà láàyè? Ta ló ń rántí pé kò fẹ́ràn àlùbọ́sà? Tí mi ò bá so wáyà, Inaba àtàwọn ènìyàn rẹ̀ á rí bóòtù yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn á mọ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Ọlọ́wọ́ Epo ń dá gbé, ìtìjú lè pa á. Mi ò ní gbọ́ òkú ẹlòmíràn.

Ó béèrè bí mo ṣe máa ṣe apá ọ̀tún. Mo ní bíi ti òsì ni. Ife dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mu tíì náà tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Èbìbí

Mo so wáyà sí apá ọ̀tún. Ó wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò já.

Irọ́ ni. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe láyé mi, mi ò purọ́ bóòtù kan rí. Mo ti tún gbé ẹ̀bi náà padà lé ọmọ mi lórí, kí n má baà pàdánù ọ̀rẹ́. Bàbá wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Mo bo alùpùpù náà, mo pa iná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Èbìbí

Ìpàtẹ. Ìyá Nao ní òun ń bọ̀. Mi ò pè é. Ó di ìrẹsì rogodo sínú aṣọ, ó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ ojú irin bí ẹni tó ń lọ sílé ìwòsàn. Gbọ̀ngàn kún. Gbogbo wọn káwọ́ sẹ́yìn, bí ìṣe wa, kí ọwọ́ má baà ṣèèṣì kan nǹkan, wọ́n tẹ̀ síwájú alùpùpù Nao, wọ́n ń mí rọra. Inaba wo apá ọ̀tún pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀, ó ní, "Wáyà yìí mà dára o." Ó dùn mí dé egungun.

Ọlọ́wọ́ Epo pẹ́ kó tó dé. Ó wọ kóòtù tó wọ̀ lọ sí ìsìnkú. Ó káwọ́ sẹ́yìn bíi ti àwọn yòókù, ó wo òsì, ó yí wá sí ọ̀tún, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò gbé orí sókè. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́yìn, ìka rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan búréèkì.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wáyà yìí ò sí níbẹ̀."

Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo ní, Kurebayashi, jẹ́ ká jáde. Ó ní, "Kò sí níbẹ̀. Mo pààrọ̀ búréèkì, fèrè dún, mo ní tó bá dé ni màá so ó. Ọjọ́ Àìkú gbogbo ni mò ń wá sọ ọ́. Ẹ ó ti bu tíì kí n tó ya ẹnu." Ó wólẹ̀, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀ gbọ̀ngàn. Àwọn ènìyàn sún sẹ́yìn.

Ìyá Nao wà lẹ́yìn mi pẹ̀lú ìrẹsì lọ́wọ́. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò wo ẹni tó wólẹ̀ náà, alùpùpù ló ń wò. Ó béèrè bóyá Nao fa búréèkì. Ọlọ́wọ́ Epo ní, "Ó fà á, Ìyá Nao. Ó fà á títí. Kò sóhun tó dì í mú."

A kúrò níbẹ̀ láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Nínú ọkọ̀ ojú irin, Ìyá Nao ń sọ ọ́ sí gíláàsì fèrèsé, jẹ́jẹ́, léraléra: "Nao fà á. Nao fà á."

Ọjọ́ Àìkú, 25 Oṣù Èbìbí

Inaba ti gbé alùpùpù wá sílé fún wa. Mo fi ẹ̀mú já wáyà apá ọ̀tún. Mo ní kí n gbé e padà sínú páálí, Ìyá Nao gbà á lọ́wọ́ mi. Yàrá ìjókòó ló gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò. Ó kọ apá ọ̀tún síta.

Ó se omi, ó bu tíì ọdún yìí. Ife mẹ́ta ló gbé kalẹ̀, bíi ti gbogbo Ọjọ́ Àìkú. Mi ò mọ̀ bóyá ìdáríjì ni tàbí ọwọ́ rẹ̀ ló ti mọ́ ọn lára, mi ò sì lè béèrè. Èmi náà ò mọ ohun tí màá sọ fún Ọlọ́wọ́ Epo tó bá wọlé. A jókòó. A gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ kan níta, àwa méjèèjì gbé orí sókè.

Ọmọ ilé kejì ni. Ife kẹta ti tutù.