Ẹni Tí Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Rẹ Ń Wá

Akọ̀wé mi, ọmọ tí mo bí tí inú mi dùn,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé o ń rí oorun sùn, àbí ìwé kíkọ ò jẹ́? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á sì máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Bàbá rẹ wà, orúnkún nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Èmi náà wà nídìí máṣíìnì ìránṣọ mi, àwa méjèèjì la jọ ń dún. Bí o bá rí i pé lẹ́tà yìí rí wọ́gọwọ̀gọ, má bínú, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà, torí mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn máa bá mi ka ọ̀rọ̀ ọmọ mi mọ́.

Ìwé ìtàn tí o tẹ̀ jáde dé ọwọ́ mi. Mo rí fọ́tò rẹ lẹ́yìn rẹ̀, mo fi ẹnu kò ó, àmọ́ nígbà tí mo yí i padà, orúkọ ẹlòmíràn ni mo bá níwájú. Mo gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, mo ní ẹnì kan ti jí ojú ọmọ mi lò. Sájẹ́ǹtì ní kí n fara balẹ̀, pé àwọn òǹkọ̀wé máa ń fi orúkọ mìíràn bo ara wọn ni. Mo bi í pé ẹni tó ń sá pamọ́, ṣé ó tún máa ń lẹ fọ́tò ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé ni? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé wo ni wọ́n wò kí wọ́n tó fún ọ ní ìyẹn?

Ọ̀mọ̀wé kan tún sọ nínú rédíò pé nínú irú ìwé rẹ yìí, òǹkọ̀wé ti kú, ẹni tó ń kà á ló ni ìtàn. Háà! Mo ju àlùmọ́gàjí nù, mo figbe ta. Mo pe fóònù rẹ, obìnrin kan gbé e, ó ní wọn ò lè rí ọ báyìí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wò ọ́ dáadáa, bóyá o wà ní yàrá kejì, ó sáà ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, kò tilẹ̀ kí mi. Ìgbà tí o pè padà lọ́jọ́ kejì ni ọkàn mi tó balẹ̀. Bí o bá rí ọ̀mọ̀wé yẹn, sọ fún un pé ìyá òǹkọ̀wé ń kí i, ẹnu rẹ̀ ò dáa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ka ìwé náà tán. Ọmọdébìnrin ọlọ́dún mọ́kànlá kan kọ ìtàn sínú ìwé, ó fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìwé sọnù. Nígbà tó dàgbà, ó rán ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan pé kó lọ wá ẹni tó mú un. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wádìí títí tí kò fi mọ ara rẹ̀ mọ́, ó wá ń béèrè pé ta ló ń kọ òun. Bàbá ọmọ náà ló fura sí jù, torí bàbá ti ní ìwé kíkọ kì í ṣe iṣẹ́. Bó ṣe fẹ́ dárúkọ ọ̀daràn báyìí, mo ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn, mo bá òfìfo. Mo ní àwọn atẹ̀wé ti rẹ́ wa jẹ. Tíṣà wa ní o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí ẹni tó ń kà á lè fúnra rẹ̀ parí rẹ̀. Èmi ò lè gbé aṣọ tí mi ò ṣẹ́ etí rẹ̀ fún oníbàárà láé, kí n ní kó lọ ṣẹ́ ẹ nílé.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Mo mọ̀ pé ìwọ ni ọmọdébìnrin yẹn. Láti ìgbà tí ìwé tìrẹ náà ti sọnù ni ìwọ àti bàbá rẹ ò ti jọ rẹ́rìn-ín mọ́. O ní ó dáná sun ìwé rẹ, ó búra, o ò gbà. Ọdún kẹsàn-án rèé tí o ti lọ sí ìlú ńlá. Bí o bá pè, èmi nìkan lò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ mi ni bàbá rẹ máa ń jókòó sí o, á máa wo àjà bí ẹni pé kò gbọ́ ohùn rẹ.

Ni èmi náà bá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Mo ronú pé ọ̀sẹ̀ wo ni ìwé yẹn sọnù. Ọ̀sẹ̀ tí iléèwé gbé ogójì yunifọ́ọ̀mù fún mi ni. Bébà tán, mi ò sì lè gé aṣọ láìkọ́kọ́ fi bébà gé pátánì rẹ̀. Mo rántí ìwé kan tí mo fà yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo lọ sí ẹ̀yìn máṣíìnì níbi tí mo ń kọ́ àwọn pátánì sára ìṣó, mo sọ ti yunifọ́ọ̀mù kalẹ̀. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń fi wọ́n gé aṣọ, mi ò wo ohun tó wà lára wọn rí, torí bákan náà ni gbogbo ìwé rí lójú mi nígbà yẹn. Mo yá jígí ojú tíṣà, mo kà á. Lára pátánì kọ́là ọrùn aṣọ, o kọ ọ́ síbẹ̀ pé: bí nǹkan bá sọnù nílé wa, ìyá mi ló máa ń rí i.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Èmi ni mo gé ìwé rẹ, ọmọ mi, kì í ṣe bàbá rẹ. Mo jẹ́wọ́ fún un. Kò bínú, ó kàn ní kí n tún kọ́là náà kà fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo ti fi abẹ́rẹ́ àti òwú so wọ́n pọ̀, kọ́là, àpò àti apá ọ̀tún, mo sì rán gbogbo rẹ̀ mọ́ ojú ewé òfìfo rẹ. Apá òsì ni mi ò rí. Mi ò ní fi í ránṣẹ́, ọwọ́ mi ni wàá ti gbà á.

Jọ̀wọ́, bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra jígí ojú tèmi, tíṣà ti ń wo tirẹ̀ lójú mi. Fi owó ìwé ìkọ̀wé kan kún un. Bàbá rẹ ló fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ, èyí tí òun sọ ọ́ o, kì í ṣe ti ara ìwé.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní sọnù. Èyí tó bá sì sọnù, wàá rí i kó tó pé ọdún méjìlélógún. Sọ fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ kó lọ sinmi, ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o wá mú mi. Bàbá rẹ ní òun ló máa ṣílẹ̀kùn fún ọ.

Èmi ni,
ìyá rẹ tó mú ìwé náà.