Orúkọ Kúkúrú Tí Mo Fún Àṣẹ Gígùn

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú Ìyá àti gbogbo ará Ìlá. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ẹ̀yìn Ìgà Ìdúngànràn, níbi tí òjò ti sọ ojúlé wa di odò. Ara mi le, ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

Ẹ béèrè pé kí ni mo ń fi kọ̀ǹpútà ṣe gan-an ní ọ́fíìsì wa. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tí à ń pè ní kọ̀ǹpáílà. Òun ló ń túmọ̀ ohun tí a bá kọ sí èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Bó bá túmọ̀ lódì, a máa ń dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, a ó sì pàṣẹ pé kó fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn wá. Bàbá mi, àṣẹ yẹn ni ogun! Orúkọ rẹ̀ gùn bí oríkì, nọ́ńbà rẹpẹtẹ ló sì ń tẹ̀ lé e. Bí ènìyàn bá ṣi ẹyọ kan tẹ̀, ẹ̀rọ á dákú, iṣẹ́ gbogbo wa á sì dúró.

Ohun tó ṣe Ràfíù nìyẹn, ẹnì kejì mi níbi iṣẹ́. Kọ̀ǹpáílà túmọ̀ ètò owó-oṣù àwọn òṣìṣẹ́ lódì, Iléyá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Níbi tí Ràfíù ti ń wá àṣìṣe náà, ó ṣi àṣẹ tẹ̀, ẹ̀rọ kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ọ̀gá wa, tó ṣe àwọn àṣẹ náà fúnra rẹ̀, ní kó máa lọ sílé. Mo bẹ ọ̀gá pé kí a fún àṣẹ náà ní orúkọ kúkúrú, kí ẹ̀rọ máa wá àwọn nọ́ńbà yòókù fúnra rẹ̀. Ó ní ẹni tí kò bá lè há a sórí, kó lọ máa tajà ní Ìdúmọ̀tà.

Nígbà tó jáde lọ sí ìpàdé, mo ṣe é. Mo pè é ní FIHAN. Mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ tú inú rẹ̀ sílẹ̀ gbangba, a rí àṣìṣe náà, àwọn òṣìṣẹ́ sì gbowó kí ọdún tó dé. Wọ́n pe Ràfíù padà.

Ṣé ẹ mọ ọpẹ́ tí mo gbà? Kúẹ̀rì, ìwé ẹ̀sùn láti ọwọ́ ọ̀gá! Pé mo fọwọ́ kan iṣẹ́ òun láìgbàṣẹ, kí n yọ FIHAN kúrò kíá. Ìyá onílé mi ní kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀, pé obìnrin tó ń gbé láìní ará nílùú kì í gbó ọ̀gá lẹ́nu. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sun ẹkún díẹ̀. Láàárọ̀ àná, mo wọlé láti lọ yọ ọ́, mo bá ọ̀gá níbi tó jókòó sí, ó ń tẹ FIHAN! Mo béèrè bóyá kí n yọ ọ́ báyìí. Kò wo ojú mi. Ó ní kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ parí èyí tó wà lọ́wọ́ òun ná.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ò ní sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí Ìyá, kí Ẹ̀gbọ́n Dáúdà, kí gbogbo agboolé.

Èmi ni ọmọ yín,
Mojísọ́lá