Ẹ́síréè Iná Tí Mo Gbé Lọ sí Ọsibítù

Ìbẹ̀ṣẹ̀, Ìkòròdú,
Oṣù Kẹta, ọdún 2006.

Ṣẹ̀rífátù ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé òtútù London ò mú ọ jù? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹ̀yin ọmọ lókè òkun kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Àlàáfíà ni àwa náà wà, ìyá rẹ ń kí ọ, ẹja sì ń bọ́ sínú àwọ̀n díẹ̀díẹ̀.

Àwòrán dúdú tó o fi ránṣẹ́ ló mú mi kọ̀wé. O kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé ẹ́síréè tuntun láti ibi iṣẹ́ rẹ nìyí, mo gbé e sójú oòrùn, mo rí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò bí eegun ìhà, ọ̀kan láàrin wọn sì wú. Háà, Ṣẹ̀rífátù! Mo ké pe ìyá rẹ kó wá wò ó. Ìyá rẹ bú sẹ́kún, ó ní àyà ọmọ òun kò rí báyìí nígbà tó ń mu ọmú. A pè ọ́ títí, fóònù ò lọ. Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ àgbò kan fún Ọlọ́run pé kó dá ẹ̀mí rẹ sí, mo fi gèlè ìyá rẹ wé àwòrán náà, mo gun ọ̀kadà lọ bá ọ̀gbẹ́ni tó ń ya ẹ́síréè ní ọsibítù kan ní Ìkòròdú. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní Bàbá, èyí kì í ṣe èèyàn o. Inú bí mi, mo ní ọmọ tí mo bí ni, kó wò ó dáadáa.

Ọpẹ́ ni pé o pè wá lọ́jọ́ Jímọ̀. O ní iná ni. O ní níbi iṣẹ́ ìwádìí yín, ẹ máa ń yin ìmọ́lẹ̀ lésà tó lágbára gan-an lu irin tí kò tó ẹyọ iyanrìn kan, tí yóò di iná tó gbóná ju ojú oòrùn lọ, tí yóò sì ti kú kí ojú tó ṣẹ́. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gba ìtànṣán ẹ́síréè tó ń jáde lára rẹ̀, ẹ ó sì tú u palẹ̀ bí òṣùmàrè. Ìlà tó mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ ló ń sọ bó ṣe gbóná tó, èyí tó wú tó já mi láyà yẹn ló ń sọ bó ṣe ki tó. Ọlọ́run, o ṣeun, iná ló ni eegun ìhà! Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní bí ara iná náà bá gbóná tó báyẹn, kí ẹ máa fi aṣọ tútù nù ún, kí ẹ má kàn máa ya fọ́tò rẹ̀ lásán.

Wàyí o, Ọlọ́run ti ṣe tirẹ̀, ó ku àgbò. Torí eegun rẹ ni mo ṣe jẹ́ ẹ̀jẹ́, jọ̀wọ́ fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, àti ti àwọ̀n tuntun bí agbára rẹ bá ká a. Iná tí ò ń yẹ̀ wò kò ní jó ọ, ọgbọ́n rẹ kò ní tán, wàá padà wá bá wa láyé.

Mo ti gbé àwòrán náà kọ́ sí pálọ̀. Ọdún kẹrin rèé tí a ti fojú kàn ọ́ gbẹ̀yìn. Tó o bá tún fẹ́ ya iná yẹn, jọ̀wọ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n yà ọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n má sún mọ́ ọn jù.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sáká Mojúbàolú