Àbẹ́là Efinrin àti Imú Bàbá Rẹ

Ralitsa, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Sófíà? Òtútù kò tíì máa mú ọ? Àwa wà láàyè, ewúrẹ́ wà, òrùlé ṣì wà lórí ilé, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kí Màríà Mímọ́ máa bá ọ wọ ọkọ̀, kó máa bá ọ sọ̀ kalẹ̀. Jókòó kí o tó ka ìyókù o, nítorí ìròyìn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti àìsàn, ti ayọ̀ ni.

Àpótí tí o fi rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì dé. Mo ti gbé omi kaná kí n fi se ẹ̀wà sóyà tí mo rò pé ó wà nínú rẹ̀ kí Nedialka aládùúgbò wa tó ka ìwé tó wà lára àpótí náà, tó ní kí n má fi pa ọkọ mi, ìda àbẹ́là ni, sóyà ni wọ́n kàn fi ṣe é. Ẹ̀wà tún ń di àbẹ́là! Àwa méjèèjì yọ́ ọ nínú ìkòkò kékeré tí a gbé sínú omi gbígbóná, a kán òróró efinrin sí i, a dà á sínú ìgò jáàmù mẹ́sàn-án tí a ti na òwú sí láàárín. Ìwé ní kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó tàn án. Mo mọ̀ pé bí ìyá ọmọ tuntun ṣe ń sinmi náà ni, mo bá fi aṣọ bò wọ́n, n kò jẹ́ kí àlejò rí wọn, mo sì ń yọ́ rìn nínú yàrá. Nedialka ní orí mi ti dàrú, bẹ́ẹ̀ òun náà ń wá yọjú sí wọn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Nígbà tó pé, mo tan ọ̀kan lọ́sàn-án. Mo gbé fóònù sún mọ́ ọn kí ìwọ náà lè gbóòórùn rẹ̀, mo dì í mú títí apá fi ń ro mí. Ṣé ó dé ọ̀dọ̀ rẹ? Bí kò bá dé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

O mọ̀ pé láti ìgbà àìsàn tó ṣe é ní ọdún méjì sẹ́yìn ni bàbá rẹ kò ti gbóòórùn ohunkóhun mọ́. Ohun tí a kò sọ fún ọ ni pé àwọn ọkùnrin abúlé gba àga rẹ̀ nídìí ìkòkò tí wọ́n fi ń sè ọtí rakíà. Imú ló fi ń mọ ọtí tó burú yàtọ̀ sí èyí tó ṣeé mu, wọ́n sì ní ẹni tí kò gbóòórùn lè pa gbogbo abúlé. Ogún ọdún ló fi jókòó níbẹ̀! Láti ìgbà náà, oúnjẹ kò wù ú, ewúrẹ́ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀.

Bó ṣe wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo tan àbẹ́là yẹn, ó yára ṣí fìlà, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó ní àlùfáà dà, kí ló dé tí n kò sọ fún òun pé wọ́n ń bọ̀ wá wọ́n omi mímọ́ sílé. Mo ní àlùfáà wo? Ó ní ṣebí efinrin tí wọ́n fi ń wọ́n omi náà ló ń rùn yìí. Ralitsa! Síbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Àfi gbàà tó bú sẹ́kún.

Nígbà tó sunkún tán, ó ń fi imú wá gbogbo ilé kiri: wàràkàṣì, ọṣẹ, ìbọ̀sẹ̀ ara rẹ̀. Ó ṣí àgbá kábéèjì kíkan, ó ní ó ti bàjẹ́ tipẹ́, ṣé èyí ni mo ń fún òun jẹ látọjọ́ yìí? Bó ṣe ń bú mi ni mo ń rẹ́rìn-ín.

Dókítà ní gbígbóòórùn máa ń padà fúnra rẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kò padà kí sóyà tó dé? Lọ́jọ́ Ajé, àwọn ọkùnrin ìdí ìkòkò rakíà dì í lójú, wọ́n gbé ife mẹ́ta síwájú rẹ̀, ó sì mú èyí tó dára láìtọ́ ọ wò. Wọ́n dá àga rẹ̀ padà!

Gbogbo abúlé ló ń bèèrè àbẹ́là báyìí, Nedialka tilẹ̀ fẹ́ ti àgùntàn rẹ̀. Jọ̀wọ́, fi ìda àti owó ọgọ́ta léfà ránṣẹ́ fún ìgò àti òróró, ṣùgbọ́n má fi sí báǹkì. Wọ́n fún mi ní káàdì àti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ nínú àpòòwé, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rí i, mo bá fi dáná láìṣí i. Ọkàn mi balẹ̀.

Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, kí ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ fún ọ. Ọwọ́ tó di àpótí yẹn kò ní mọ òfo láéláé. Bàbá rẹ ní kí o tètè wálé, ó ní òun fẹ́ gbóòórùn irun orí rẹ bí ìgbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Zdravka