Bọ́nẹ́ẹ̀tì Mọ́tò Ẹ̀gbọ́n Mi

Àǹtí Ìyábọ̀dé, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ètò orí rédíò yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ìlọrà ò tóbi, kò sì sí ẹlòmíì tó ní irú mọ́tò tí mo fẹ́ sọ yìí níbẹ̀: mọ́tò asáré onílẹ̀kùn méjì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ikùn wọ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín. Ó fi kọlu tírélà lọ́nà Fìdítì, ó sì kú. Látìgbà tá a ti sin ín, bàbá wa ò sunkún. Wọ́n ní kí wọ́n wọ́ mọ́tò náà wálé, wọ́n sì ń fi òòlù na iwájú ẹ̀ tó ti rún. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní irin ò le ju ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ní ń bá wọn di bọ́ńpà mú.

Bàbá ní, "Àbúrò ní í jogún ẹ̀gbọ́n. Bó bá ti tọ́, ìwọ ni wàá máa wà á."

Mo ní, "Bàbá, mi ò mọ mọ́tò wà."

Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ náà ò mọ̀ ọ́n wà." Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bọ́nẹ́ẹ̀tì tọ́. Bàbá jókòó tì í. Wọn ò jẹun, wọn ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Nígbà tí wọ́n lọ kírun, mo fi òòlù tẹ̀ ẹ́ padà. Wọ́n dé, wọ́n wò ó, wọ́n wò mí.

"Irin yìí mà yájú o," ni wọ́n wí, wọ́n sì ní kí n gbé oúnjẹ wá.

Ẹ bá mi bi àwọn olùgbọ́ yín: ó tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ báyìí. Ṣé kí n tún un tẹ̀ ni?