Òkúta Tí Bàbá Rí Ní Ọdún Mẹ́sàn-án Sẹ́yìn

                                                        Yàrá Ìṣirò,
                                                        Ilé Ìwòràwọ̀ Orí Òkè,
                                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ìyá Ìbejì,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o ráyè jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ? Bàbá wọn ńkọ́? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń fúyẹ́? Ara tèmi le, àfi ẹ̀yìn tó ń dùn mí nítorí àga ọ́fíìsì wa. O ti rí i pé n kò tíì béèrè Bàbá rẹ. Nítorí tiwọn gan-an ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ohun tí o sọ nínú lẹ́tà rẹ, pé wọn kì í fẹ́ jẹun mọ́, pé ògiri ni wọ́n ń kọjú sí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò kúrò lọ́kàn mi.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ilé ìwòràwọ̀ mìíràn fi ìròyìn ránṣẹ́ pé àwọn rí òkúta kan lójú ọ̀run tó ń sún mọ́ ayé. Má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù o! Kò tóbi ju ilé alájà méjì lọ, ọ̀nà tó sì jìn ju òṣùpá lọ ni yóò gbà kọjá. Òun náà ń yí oòrùn po bí ayé ṣe ń yí i po, ṣùgbọ́n ọdún kan àti oṣù kan àbọ̀ ló fi ń yí i lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ọdún mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ló máa ń sún mọ́ wa. Iṣẹ́ mi ni láti ṣírò ọ̀nà rẹ̀ padà sẹ́yìn, bóyá ẹnì kan ti rí i rí. Mo ṣírò rẹ̀. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ibi tí Bàbá ní àwọn ti rí òkúta tiwọn ló wà.

Ìwọ náà rántí ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí Bàbá ṣì jẹ́ awòràwọ̀ níbí, alẹ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ya àwòrán òkúta náà, èmi sì ni mo ń kọ aago sílẹ̀ fún wọn. Oṣù kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. A fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòràwọ̀ yòókù, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó gbé awò awọ̀nàjíjìn wọn síbi tí a ní kí wọ́n wò, wọn ò rí nǹkan kan. Ọ̀gá àgbà ìgbà náà wá dúró láàárín ìpàdé, ó ní, "Ìdọ̀tí ojú gíláàsì lẹ rí, ẹ wá ń pariwo ẹ̀ káyé gbọ́. Ẹ lọ sinmi, Bàbá." Bàbá dìde kúrò níjòókòó. Wọ́n kó ìwé wọn sínú páálí, wọ́n sì fẹ̀yìn tì kí ọdún tó parí. Ìwọ lo sọ fún mi pé láti ìgbà náà wọn ò gbójú sókè wo ìràwọ̀ kan mọ́.

Àwòrán alẹ́ kìíní àti ìkejì bá ìṣirò mi mu rẹ́gí. Ìkẹta ò bá a mu. Mo tún un ṣe títí, n ò rántí oúnjẹ ọ̀sán. Aago méjì ló wà lára ògiri yàrá awò wa: ọ̀kan ń sọ aago ìlú, èkejì ń sọ aago kan ṣoṣo tí gbogbo awòràwọ̀ ayé jọ ń lò. Wákàtí kan ló wà láàárín wọn, ti àwọn awòràwọ̀ la sì máa ń kọ. Mo yọ wákàtí kan kúrò lára aago alẹ́ kẹta, òkúta náà sì bọ́ síbi tó yẹ kó wà gẹ́lẹ́. Aago ìlú ni mo wò lálẹ́ ọjọ́ náà. Fún òkúta tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀, wákàtí kan ti tó láti mú kí gbogbo ẹni tó ń wá a sọ ọ́ nù.

N ò ní purọ́ fún ọ. Ọjọ́ méjì ni mo fi gbé e mì. Mo ní ta ló máa mọ̀? Mo fẹ́ kọ ọ́ pé aago ló bàjẹ́; aago ò kúkú ní ẹnu tó máa fi jà fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí bí Bàbá ṣe máa ń pín búrẹ́dì wọn sí méjì, tí wọ́n á ní, "Oníṣirò, gbà, jẹ ẹ́, o ti rù jù." Ojú tì mí débi pé mo sunkún lórí àga.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo lọ bá ọ̀gá wa tuntun, mo sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin náà ní, "Ṣé o mọ̀ pé mo lè dá ẹ dúró níṣẹ́?" Mo ní mo mọ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n fọwọ́ sí i. Ó ti fi ìwé náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó gba ti àkọ́kọ́. N ò tíì mọ ohun tí wọ́n máa fi mí ṣe. Ṣùgbọ́n ó ti wà lákọsílẹ̀ báyìí pé Bàbá ni ẹni àkọ́kọ́ tó rí òkúta náà, àwọn ni yóò sì fún òkúta náà ní orúkọ.

Jọ̀wọ́, jókòó tì wọ́n kí o ka ìwé yìí sí wọn létí. Má fo ibi tí mo ti jẹ̀bi nítorí pé a jẹ́ ọ̀rẹ́. Bí inú bá bí wọn, jẹ́ kó bí wọn. Bí ó bá bí ìwọ náà, mo gbà.

Bá mi kí Màmá, kí o kí bàbá ìbejì, kí o gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. N ò mọ bí mo ṣe lè ní kí o bá mi kí Bàbá. Sáà sọ fún wọn pé wọn ò ṣe àṣìṣe kankan. Èmi ni.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́, bí o bá ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀,
Oníṣirò.