Ẹja Tí A Kò Fi Sọ Bísọ́lá Lórúkọ: Ìgbésí Ayé Olóògbé Ẹkúndayọ̀ Ọlọ́runyọmí (1947–1988)

Ìlú Èjìnrìn, ní etí ọ̀sà, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni a ti bí Olóògbé Ẹkúndayọ̀ Ọlọ́runyọmí ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 1947. Bàbá rẹ̀ ni Olóògbé Bámidélé Ọlọ́runyọmí, apẹja àti olórí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ. Ìyá rẹ̀ ni Màmá Sìkírátù, tí wọ́n ń yan ẹja ní èbúté. Ọmọ méjì ti kú mọ́ àwọn òbí yìí lọ́wọ́ kí ó tó dé. Ohun tí wọ́n rò nìyẹn nígbà tí wọ́n sọ ọ́ ní Ẹkúndayọ̀. Bàbá rẹ̀ sùn nínú Olúwa ní ọdún 1971. Màmá wà láàyè ní Èjìnrìn. Wọn kò sí láàárín wa lónìí, nítorí pé ìyá kì í wo ibojì ọmọ rẹ̀.

Agbo ilé Ọlọ́runyọmí ni ó ń pa omi ní Èjìnrìn, ìyẹn ni pé àwọn ni ó ń ti omi mọ́ apẹja. Ní ọdọọdún, nígbà tí ẹja bá ń yé, wọn a ri òpó sínú ọ̀sà, wọn a sì so màrìwò mọ́ orí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àwọ̀n, ìwọ̀ tàbí ìgèrè kò gbọ́dọ̀ rékọjá òpó títí wọn yóò fi fà á tu. Kò sí ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀. Ohun tí ó ń ṣọ́ omi náà ni àṣà kan: ẹni tí ó bá rékọjá òpó ní èṣí ni wọ́n ń pè láti wá rì í ní ọdún yìí, lójú gbogbo ìlú. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ri òpó kì í sábà rékọjá rẹ̀ mọ́. Olóògbé ti mọ àṣà yìí láti ìgbà tí ó ti lè wa ọkọ̀ ọmọdé.

Ó ka ìwé mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Èjìnrìn, ó sì parí ẹ̀kọ́ girama ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1965. Lẹ́yìn náà ni ó ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Èkó. Ní ọdún 1972, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Babáwálé Ọlọ́runyọmí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, pè é wá sí Houston níbí, ní Amẹ́ríkà. Bàbá Babáwálé ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọpo kan ní Baytown, lẹ́bàá Houston, nígbà náà. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì wọn fún àbúrò wọn, àwọn fúnra wọn sì sùn sórí kápẹ́ẹ̀tì ní pálọ̀ fún ọdún kan gbáko. Olóògbé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ìyẹn. Ó gba oyè yunifásítì nínú ìmọ̀ ẹja ní ọdún 1977.

Ní ọdún 1979, ó fẹ́ Wùmí, nọ́ọ̀sì, ní ìjọ Aládùúrà tí a ti ń ṣe ìsìn yìí. Bàbá Babáwálé ni wọ́n dúró gẹ́gẹ́ bí bàbá ọkọ. Tọkọtaya náà kó lọ sí apartment kan ní Alief, àdúgbò kan ní Houston, níbi tí ẹbí wọn ṣì ń gbé di òní.

Ọdún 1978 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba tí ń bójú tó ẹja inú ọ̀sà Galveston. Ìyáàfin Evelyn, tí wọ́n wà láàárín wa lónìí, ni ọ̀gá rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un kò gbádùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Igun omi kan wà ní ìsàlẹ̀ Baytown, tí koríko pọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹja tírọ́ọ̀tì, èyí tí àmì dúdú tótòtó wà lẹ́yìn rẹ̀, ti ń yé. Òfin sọ pé láti oṣù kẹrin títí di òpin oṣù kẹjọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pẹja níbẹ̀. Àwọn oníwọ̀ kò ka òfin náà sí. Ọ́fíìsì gbé pátákó síbẹ̀. Wọ́n fi pátákó dáná sun ẹja. Ọ́fíìsì fi owó kún ìtanràn. Wọ́n yáa ń wá ní ìdájí, kí ọlọ́pàá omi tó jí.

Olóògbé kò gbé pátákó mìíràn. Ní ọdún 1979, ó lọ bá ẹni tí ẹ̀sùn rẹ̀ pọ̀ jù ní èbúté, Ọ̀gbẹ́ni Anthony, ọmọ bíbí Baytown, tí ó ti ń pẹja níbẹ̀ kí ìjọba tó mọ orúkọ ibẹ̀. Ó kí i, ó béèrè àlàáfíà ìyàwó àti ti ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gbé òpó kan tí a so aṣọ funfun mọ́ lé e lọ́wọ́, ó ní kí ó wá bá òun rì í. Ọ̀gbẹ́ni Anthony sọ fún wa lálẹ́ àìsùn pé òun bú sẹ́rìn-ín.

“Èmi ni kí n ri òpó tí yóò dí mi lọ́nà?”

“Ẹ̀yin gan-an,” ni Olóògbé fèsì. “Ta ni ó tún mọ ibi tí ẹ ń gbà wọlé?”

Ọ̀gbẹ́ni Anthony ri òpó náà. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, òun ni ó ń lé àwọn mìíràn padà. Olóògbé pe ẹnì kejì, ó pe ẹnì kẹta, ẹni tí ó bá ti rú òfin ní èṣí ni ó ń pè. Nígbà tí ó fi di ọdún 1981, omi náà ti ń dákẹ́ ní àsìkò ìyéyin, láìsí pátákó kan.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 1982 ni a bí àkọ́bí rẹ̀, Bísọ́lá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú yín, nítorí pé ẹ wà níbẹ̀. Olùṣọ́-àgùntàn ti fi oyin àti iyọ̀ kan ẹnu ọmọ nígbà tí Bàbá Babáwálé wọlé pẹ̀lú bàsíà kan. Ẹja tírọ́ọ̀tì ni ó wà nínú rẹ̀, ó gùn tó apá àgbàlagbà, inú rẹ̀ sì yọ. Ilé pariwo ayọ̀. Olóògbé fi ọwọ́ kan ikùn ẹja náà. Ẹyin ni ó kún inú rẹ̀. Ó rọra béèrè ibi tí wọ́n ti pa á.

Bàbá Babáwálé kì í purọ́. “Inú òpó ni,” ni wọ́n wí. “Níbo ni a tún ti ń rí ẹja ńlá fún ọmọ ńlá? Àbí ẹja ń gbé orí igi ní Houston?”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Olóògbé dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí. Ẹja yìí kò ní kan ẹnu ọmọ mi.”

Ìyá kan láàárín àwọn obìnrin ní kí ó dìde jàre, pé ẹja lásán ni. Kò dìde títí wọ́n fi fi aṣọ bo bàsíà náà. Bàbá Babáwálé gbé ẹrù wọn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n sọ kí wọ́n tó jáde: “Orí bẹ́ẹ̀dì mi lo sùn nígbà tí o dé ìlú yìí. Ó dáa bẹ́ẹ̀.” A sọ ọmọ náà lórúkọ láìsí ẹja. Ní ọjọ́ Ajé, Olóògbé ròyìn ohun gbogbo fún Ìyáàfin Evelyn, ìwé ìtanràn sì dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ náà pín ẹbí yìí sí méjì. Àwọn kan ní òyìnbó ti ra orí rẹ̀. Àwọn kan ní ó ṣe ohun tí bàbá rẹ̀ ì bá ṣe. Bàbá Babáwálé fi ìjọ wa sílẹ̀. Bí ibà bá mú Bísọ́lá, bí ó bá ṣubú ní daycare, ilé ìtọ́jú ọmọdé, ẹnìkan a ní ẹja tí kò jẹ ni. Gbogbo rẹ̀ ni Olóògbé ń gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni ó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn ún tó.

Ṣùgbọ́n kò fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdọọdún, ó máa ń wa mọ́tò lọ sí Baytown, ó máa ń kan ilẹ̀kùn, ó sì máa ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ri òpó gẹ́gẹ́ bí àṣà ilé wọn. Ilẹ̀kùn kò ṣí rí. Òpó kan máa ń wà ní búùtù mọ́tò rẹ̀ tí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn. Ó ní ẹnìkan ni ó ni ín. Nígbà tí ìjì Alicia jà ní oṣù kẹjọ ọdún 1983, tí ó ṣí òrùlé ilé Bàbá Babáwálé, Olóògbé gun òrùlé náà pẹ̀lú tapólì àti ìṣó, ó ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di àkàbà mú fún un. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Nínú ìjọ yìí, ó kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi láti ọdún 1980. Ó máa ń gbé àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé lọ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Lẹ́yìn ìsìn, ó máa ń dúró ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, ó máa ń fi èdè Yorùbá ṣàlàyé òfin ẹja fún àwọn ọkùnrin ìjọ tí ó ń lọ sí ọ̀sà: bí ẹja tírọ́ọ̀tì ti gbọ́dọ̀ gùn tó kí a tó gbé e lọ sílé, àti pé kí a tutọ́ ìbínú dànù bí a bá ní láti dá kékeré padà sínú omi. Wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Wòlíì Ẹja, ṣé a lè jẹ sàdíìnì?” Ó máa ń ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n ná.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, àwọn dókítà sọ fún un pé jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ṣe gbogbo ìtọ́jú tí wọ́n ní kí ó ṣe. Ó gbàdúrà, àwa náà gbààwẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹrin dé, kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ aya rẹ̀ lójoojúmọ́ ni ẹni tí yóò ri òpó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹrin, Wùmí ṣí ilẹ̀kùn ní Alief, ó sì bá Bàbá Babáwálé lórí ìdúró. Ó kúnlẹ̀. Wọn kò wọlé. “Wùmí, ṣí búùtù mọ́tò ọkọ rẹ fún mi,” ni wọ́n wí. Wọ́n gbé òpó náà jáde, wọ́n sì gbé e lọ sí èbúté. Ọ̀gbẹ́ni Anthony àti Ìyáàfin Evelyn wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníwọ̀ yòókù. Bàbá Babáwálé wọ omi dé ìbàdí, wọ́n sì ri òpó náà lójú gbogbo wọn, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran àwọn lọ́wọ́. Nígbà tí ó dúró ṣinṣin, wọ́n ní, “Èmi ni mo rékọjá rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ó yẹ kí n ti wá.”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó sí ìta òpó pẹ̀lú ìwọ̀ kan. Wọ́n dá àwọn kékeré padà. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n wọ yàrá àbúrò wọn ní ilé ìwòsàn pẹ̀lú kúlà kékeré kan tí yìnyín wà nínú rẹ̀. Ẹja kan ni ó wà nínú yìnyín náà, kò tóbi. Olóògbé wò ó títí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ wọ̀n ọ́n?”

“Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọ̀n ọ́n. Má dá mi lágara mọ́.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Wùmí sọ pé òun kò gbọ́ ẹ̀rín ọkọ òun mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Olóògbé di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó ní kí wọ́n fi ẹja náà gbàdúrà fún Bísọ́lá. Bàbá Babáwálé ní, “Ìwọ náà á dìde, a jọ máa ṣe é.” Olóògbé ní kí wọ́n má dúró de òun. Ó ní kí wọ́n ṣe é ní ọjọ́ tí ilé bá kún bí ó ti kún ní ọdún 1982, kí àwọn tí ó rí i nígbà tí òun kọ ẹja lè rí i pé òun ti gbà á.

Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún ọdún 1988. Ẹni ogójì ọdún ni. Òkú ọ̀fọ̀ ni òkú wa. Kò rí ọmọ-ọmọ, kò hu ewú, ó sì fi ìyá sílẹ̀ lẹ́yìn.

Àwọn tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyá rẹ̀, Màmá Sìkírátù. Aya rẹ̀, Wùmí. Àwọn ọmọ rẹ̀, Bísọ́lá, ọmọ ọdún márùn-ún, Dàpọ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, àti Olúwatóyìn, tí kò tíì pé ọdún kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Babáwálé Ọlọ́runyọmí. Àti ọ̀pọ̀ ìbátan ní Èjìnrìn àti ní Houston.

A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe tú ká ní itẹ́ òkú. Ẹ bá wa padà sí ilé ní Alief. Ẹja náà wà níbẹ̀, nínú fírísà, pẹ̀lú yìnyín ọjọ́ tí wọ́n pa á. Bàbá Babáwálé yóò fi kan ètè Bísọ́lá lójú gbogbo wa, wọn yóò sì gba àdúrà tí ó ṣẹ́kù láti ọdún 1982: orí ni ẹja fi í la ibú já, Bísọ́lá, orí rẹ yóò là á já.

Ẹkúndayọ̀, ọmọ apomi Èjìnrìn, a ti ri òpó. Omi dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti wá. Máa sinmi lọ́dọ̀ Ẹni tí ó dá ẹja àti ibú, títí a ó fi tún fojú rí ara wa.